Láti Òtígbà dé Olúmirìn: Bí mo ṣe wọ inú fọ́tò ilé wa

Àpótí onígi kan wà ní ìyàrá màmá mi ní Ìlẹ̀ṣà tí fọ́tò ilé wa kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí màmá nígbà tí ó ṣì wà ní ọ̀dọ́, ẹ ó rí èmi nínú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìsí bàtà lẹ́sẹ̀, ẹ ó rí àwọn àbúrò mi, ẹ ó rí ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó, ẹ ó sì rí òkú àgbà tí a fi ijó àti ayọ̀ sin. Ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ kò ní í rí. Bàbá mi ni. Kì í ṣe pé bàbá kò sí nílé o, òun gan-an ló mú kámẹ́rà lọ́wọ́. Òun ló ń sọ fún wa pé kí a sún mọ́ ara wa, òun ló ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣẹ́jú, òun náà ló sì ń tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tí bàbá dágbére fún ayé ní ọdún 2004, tí a ń wá fọ́tò tí a ó gbé síwájú àwọn àlejò, fọ́tò pélébé tí ó yà fún ìwé ìwakọ̀ ni a gbé lọ pé kí wọ́n bá wa sọ di ńlá. Fọ́tò náà rí bàìbàì, ojú bàbá sì le nínú rẹ̀ bí ojú ẹni tí wọ́n ń bá jà.

Ohun tí bàbá ṣe náà ni èmi ń ṣe láti ìgbà tí mo ti ra kámẹ́rà tèmi. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún mẹ́sàn-án, ń yẹ fọ́tò ọjọ́ ìbí rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó wá bi mí léèrè pé, "Dádì, ṣé ẹ kò sí nílé lọ́jọ́ yìí ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín orí ètè lásán ni. Mo wà nílé, èmi ni mo sì ya gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́rìí sí i ní ọgbọ̀n ọdún sí òní?

Nígbà tí màmá mi, tí ó ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, wá sọ pé òun fẹ́ fi ojú ara òun rí omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹsẹ̀ òun tó kọ iṣẹ́, àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ẹnu kò pé a ó jọ sìn ín lọ. Ọjọ́ náà ni mo ti pinnu nínú ọkàn mi pé fọ́tò ìrìn-àjò yìí kò gbọdọ̀ dà bí èyí tí ó wà nínú àpótí. Èmi náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá.

Ẹlòmíràn lè sọ pé kí ló ní láti le nínú ìyẹn, ṣebí kámẹ́rà ní agogo tirẹ̀ nínú. Òótọ́ ni. Kámẹ́rà mi máa ń dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kí ó tó ya fọ́tò bí mo bá sọ fún un bẹ́ẹ̀, n kò sì ní san kọ́bọ̀ kan lé e. Bí ó bá jẹ́ inú pálọ̀ ni, agogo náà ti tó. Ṣùgbọ́n lórí àpáta tí omi ń ta sí, kí ọkùnrin tí ó ti lé ní ogójì ọdún máa sáré láti ìdí kámẹ́rà lọ bá ìyá arúgbó, kí ó tún sáré padà wá wò ó bóyá ó dára, kí ó tún sáré lọ, ìyẹn kì í ṣe fọ́tò mọ́, ìjàm̀bá ni a ń pè. Ohun méjì ni mo nílò. Àkọ́kọ́ ni rìmóòtù tí n ó fi ọwọ́ mú níbi tí mo bá jókòó sí. Ìkejì ni orí tuntun fún sítáńdì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mi, nítorí pé èyí tó wà lórí rẹ̀ ti dójú tì mí rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìdójútì náà. Orí Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta ni mo wà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo fẹ́ ya òrùlé páànù ìlú náà bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Mo gbé kámẹ́rà lé sítáńdì, mo dè é, mo sì yíjú láti mú omi mu. Kí n tó yíjú padà, orí sítáńdì náà ti dẹ̀, kámẹ́rà dorí kodò, ìwúwo rẹ̀ sì fa sítáńdì náà lulẹ̀. Imú lẹ́ǹsì ló kọ́kọ́ kan àpáta. Owó tí mo fi tún un ṣe ju owó sítáńdì náà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tí ó tà á fún mi kò purọ́ fún mi, nítorí n kò béèrè ìbéèrè kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i pé ó fúyẹ́, mo rí i pé kò wọ́n, mo sanwó, mo lọ. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ló máa ń rí gbọingbọin títí di ọjọ́ tí ènìyàn bá fara tì í.

Nítorí náà ni mo ṣe lọ sí Ìkẹjà ní ọjọ́ Sátidé kan, tí mo sì fi odindi ọjọ́ sílẹ̀ fún un. Mo wọ dáńfó ní Òṣòdì, mo bọ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà Along, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú ọjà tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí Computer Village. Àwọn àgbàlagbà Ìkẹjà ṣì máa ń pe gbogbo rẹ̀ ní Òtígbà, nítorí pé òpópónà Òtígbà ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò tí àwọn ènìyàn ń gbé jẹ́jẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún 1990 sí 1999 ni àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe àti àwọn tó ń tà á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìyàrá iwájú ilé lọ́wọ́ onílé. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé ní ọdún 2001, ọjà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ìyẹ̀fun tí a fi ìwúkàrà pò. Lónìí ó ti gba Òtígbà, ó gba Ọlá Ayẹ́ni, ó gba Pepple, ó sì ti tàn dé ojú ọ̀nà Kódẹ́sọ̀. Ilé tí ìdílé kan ń gbé nígbà náà ti di ilé tí ogójì ìsọ̀ wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá ti wọ ibẹ̀, ọwọ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ fi kí yín. Ọmọkùnrin kan yóò di apá yín mú láti ọ̀tún, òmíràn yóò di ti òsì: "Ẹ̀gbọ́n, láptọ́ọ̀pù ni àbí fóònù? Ẹ fẹ́ tà, àbí ẹ fẹ́ pààrọ̀? Dádì, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ ná!" Ariwo jẹnẹrétọ̀ wà lókè, ariwo gbohùngbohùn wà nísàlẹ̀, ẹni tó ń ta gààrí òun ẹ̀pà sì ń gba àárín kọjá. Ìmọ̀ràn tí mo ní fún ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí kò gùn: ẹ má ṣe tẹ̀ lé ẹni tó bá di apá yín mú. Ẹni tó bá ń fa ènìyàn lójú títì kì í sábà jẹ́ ẹni tó ni ìsọ̀, owó ẹsẹ̀ tirẹ̀ yóò sì wà lórí ọjà tí ẹ bá rà. Ẹ wá ìsọ̀ tí ó ní orúkọ lẹ́nu ọ̀nà, tí ó ní ìwé rìsíìtì, tí ẹ lè rí padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè bí nǹkan bá bàjẹ́.

Mo rí irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ ní orí òkè ilé kan, lẹ́yìn tí mo ti gun àtẹ̀gùn tóóró kan tí ènìyàn méjì kò lè pàdé lórí rẹ̀. Ọmọ Íbò ni oní-ìsọ̀ náà, ṣùgbọ́n Mushin ni wọ́n bí i sí, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ tèmi lọ. "Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Kámẹ́rà wo lẹ ní?" Ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ bi mí nìyẹn, òun sì ni mo fi mọ̀ pé mo ti bọ́ sí ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́. Kò bi mí pé èló ni mo fẹ́ ná. Mo ní Canon 700D ni. Ó ní, "Ẹ má dààmú, ihò rẹ̀ ò le."

Ọ̀rọ̀ ihò yìí ni ìbẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n. Kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ló ní irú ihò tí rìmóòtù fi ń wọ inú rẹ̀, wọn kò sì bára mu. Àwọn Canon kéékèèké bíi tèmi máa ń gba ẹnu wáyà róbótó tí ó jẹ́ mìlímítà méjì ààbọ̀, tí ó jọ ẹnu agbọ́hùn etí ti fóònù ṣùgbọ́n tí ó tín-ín-rín jù ú lọ. Àwọn Canon ńlá kan ní ihò onígi mẹ́ta. Nikon ní oríṣi tirẹ̀ fún kékeré, ó sì ní òmíràn oníka mẹ́wàá fún ńlá. Ti Sony tún yàtọ̀. Nítorí náà, kí ẹ má ṣe lọ sọ́jà pé ẹ fẹ́ rìmóòtù Canon tàbí ti Nikon. Orúkọ kámẹ́rà yín gan-an pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ ni kí ẹ kọ sínú ìwé, tàbí kí ẹ gbé kámẹ́rà náà dání bí èmi ti ṣe. Bí kámẹ́rà yín bá sì jẹ́ èyí tí ó lè bá fóònù sọ̀rọ̀ láìsí wáyà, ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò nílé, ó ṣeé ṣe kí fóònù yín ti jẹ́ rìmóòtù lọ́fẹ̀ẹ́. Tèmi kò ní irú rẹ̀.

Ó kó oríṣi mẹ́ta síwájú mi. Èkíní jẹ́ oníwáyà, bọ́tìnnì kan ní ìdí, wáyà gígùn kan ní àárín. Èkejì pélébé bíi bísíkíìtì, ó ń fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí ránṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ti ń ṣe. Ẹ̀kẹta jẹ́ méjì: ọ̀kan yóò wà lórí kámẹ́rà, wáyà kúkúrú yóò so ó mọ́ ihò, èkejì yóò wà lọ́wọ́ yín, àwọn méjèèjì yóò sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ bíi rédíò. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ti Canon nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ní ilẹ̀ Ṣáínà ló ṣe wọ́n, orúkọ tiwọn ni wọ́n sì kọ sí i lára. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyàtọ̀ sí ibí yìí o. Ọjà tí ilé-iṣẹ́ kan ṣe tí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ tà kì í ṣe ayédèrú, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Èyí tí ó jẹ́ ayédèrú ni èyí tí ó jí orúkọ olórúkọ wọ̀. Ẹni tó bá ń purọ́ orúkọ, kí ni kò ní í purọ́ lé lórí?

Mo bi ọmọkùnrin náà pé ṣé rìmóòtù olówó pọ́ọ́kú yìí kò ní í ba kámẹ́rà mi jẹ́. Ó ní kí n wo ẹnu wáyà náà dáadáa. Òrùka dúdú méjì ló wà lára rẹ̀ tí ó pín irin rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kan jẹ́ ìpìlẹ̀. Bí èkejì bá kan ìpìlẹ̀, kámẹ́rà yóò wá ojú ohun tí ó fẹ́ yà. Bí ẹ̀kẹta bá kàn án, kámẹ́rà yóò yà á. Ó parí. Kò sí iná kankan tí rìmóòtù náà ń fi wọ inú kámẹ́rà, bí ẹni tó ń so irin méjì pọ̀ lásán ni, gẹ́gẹ́ bí ohun tí a fi ń tan iná ara ògiri. Nígbà tí ohun tí ó wà nínú nǹkan kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ni ènìyàn ń sanwó orúkọ ńlá fún?

Mo dán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò nínú ìsọ̀ náà. Oníwáyà ṣiṣẹ́ láìyẹ̀, òun ló sì kéré jù lówó, ṣùgbọ́n wáyà rẹ̀ kò lè gùn dé ibi tí màmá yóò jókòó sí. Elékejì gbọ́dọ̀ rí iwájú kámẹ́rà kó tó ṣiṣẹ́, nítorí pé ibi ìdìmú iwájú ni ojú tí ń gba iṣẹ́ rẹ̀ wà. Bí mo ṣe bọ́ sẹ́yìn kámẹ́rà, ó di odi. Kò tún dára kí a jìnnà sí kámẹ́rà ju mítà márùn-ún lọ pẹ̀lú rẹ̀, oòrùn gangan sì máa ń dà á láàmú. Onírédíò ni mo mú. Mo fún ọmọ-ìṣẹ́ ìsọ̀ náà ní bọ́tìnnì rẹ̀, mo ní kó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ojú títì, kó sì máa tẹ̀ ẹ́. Láàárín ariwo Òtígbà yẹn, pẹ̀lú gbogbo fóònù tó ń bá ara wọn jà lójú ọ̀run, kámẹ́rà dáhùn ní ìgbà mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Ó wá ku orí sítáńdì. Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin ònkàwé fetí sílẹ̀ jù nìyí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ṣe òdìkejì ohun tó yẹ: wọn a ná owó ńlá lórí rìmóòtù nítorí pé ó ń tàn yanranyanran, wọn a wá mú orí sítáńdì tí owó rẹ̀ kéré jù lọ nítorí pé irin lásán ni. Rìmóòtù ń jẹ́ iṣẹ́ ni. Bí ó bá kọ̀ láti jẹ́ ẹ, a ó rán an lẹ́ẹ̀kejì, tàbí kí a lo agogo inú kámẹ́rà. Orí sítáńdì ń gbé ẹrù, bí ó bá sì ju ẹrù nù, a kì í rí i gbé lẹ́ẹ̀kejì. Níbi tí ẹrù bá wà ni kí owó yín lọ.

Owó orí sítáńdì àwọn ilé-iṣẹ́ olókìkí ilẹ̀ Yúróòpù lè ju owó àlòkù kámẹ́rà mi lọ. N kò ní irú owó bẹ́ẹ̀, n kò sì rò pé mo nílò rẹ̀. Kámẹ́rà mi pẹ̀lú bátìrì inú rẹ̀ wọn gíráàmù 580, lẹ́ǹsì kékeré tí mo ń lò sì wọn gíráàmù 205. Gbogbo rẹ̀ kò pé kìlò kan. Àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń kọ kìlò tí orí sítáńdì lè gbé sí ara páálí rẹ̀, ṣùgbọ́n oníkálukú ló ń wọn tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Ìlànà tèmi ni pé bí wọ́n bá kọ kìlò mẹ́fà, mo gbà á sí méjì. Pẹ̀lú ìdínkù yẹn náà, ó ṣì tó èmi.

Àwọn orí náà pọ̀. Ọlọ́wọ́ mẹ́ta wà, tí ọwọ́ kan ń gbé e sókè sódò, tí ọ̀kan ń yí i kiri, tí ọ̀kan ń dà á sí ẹ̀gbẹ́. Ó dára fún ẹni tó ń ya ilé, ṣùgbọ́n ó wúwo láti gbé gun òkè. Ti àwọn oní-fídíò wà, tí ó ń yí jẹ́jẹ́ bí ẹni pé epo wà nínú rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ ni oníbọ́ọ̀lù: irin róbótó kan nínú ife irin, ẹ tú ìdè rẹ̀, kámẹ́rà yóò lọ síbi tó wù yín, ẹ dè é, ó dúró. Mẹ́rin ni oní-ìsọ̀ gbé wá. Mo gbé kámẹ́rà lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo yí i sí ẹ̀gbẹ́, mo dè é, mo fi ojú wo inú rẹ̀ sí àmì kan lára ògiri ilé òdìkejì, mo sì fi ọwọ́ sílẹ̀. Nínú èkíní, àmì náà rọra ń gòkè lọ, èyí túmọ̀ sí pé kámẹ́rà ń sọ̀kalẹ̀. Mo gbé e kúrò. Mo fi ìka kan tẹ imú lẹ́ǹsì lórí èkejì, ó mì. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin dúró bí òpó.

Ohun tí mo fi yan ọ̀kan nínú méjì tó kù ni pèlétì, ìyẹn pátákó irin kékeré tí a ń dè mọ́ ìdí kámẹ́rà. Pèlétì ẹ̀kẹta kò bá ti ẹnikẹ́ni mu ní ayé yìí. Bí ó bá sọnù, orí sítáńdì náà di òkúta. Ẹ̀kẹrin ń lo irú èyí tí wọ́n ń pè ní Arca-Swiss, orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ mú un gbajúmọ̀, tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn ti wá sọ di tiwọn. Ibikíbi tí ènìyàn bá wà ló ti lè rí òmíràn rà. Lẹ́yìn náà ni mo wo ìdí rẹ̀. Bóòtù tó ń wọ inú kámẹ́rà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì, èyí tó ń so orí mọ́ ẹsẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ. Tèmi bá a mu. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ sítáńdì yín wò kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí pé àwọn kan wà tí wọ́n ti lẹ orí mọ́ ẹsẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, tí kò ṣeé tú.

N kò ní í kọ iye náírà tí mo san síbí, nítorí pé iye ọjà ní Òtígbà kì í sùn sí ojú kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tí mo lè sọ ni pé bí owó rìmóòtù náà bá jẹ́ ọ̀kan, ti orí sítáńdì jẹ́ mẹ́ta. Mo tún ra bátìrì méjì sí i fún rìmóòtù. Oní-ìsọ̀ ní bátìrì ti wà nínú páálí. Mo ní mo mọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni a dá ìrìn-àjò náà. A gba Ìbàdàn, a gba Ilé-Ifẹ̀, a sùn sí Ìlẹ̀ṣà lọ́dọ̀ màmá. Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo gbé kámẹ́rà lé orí tuntun yẹn nínú pálọ̀, mo dà á sí ẹ̀gbẹ́, mo dè é, mo sì tẹ́ ìrọ̀rí sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀.

Ojú ọ̀nà Ìlẹ̀ṣà sí Àkúrẹ́ ni a gbà, láàárín òkè àti igbó tí ìrì ṣì wà lára ewé rẹ̀, títí a fi yà sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ìtàn àwọn ará ibẹ̀ sọ pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí omi náà. Ìpele méje ni omi náà ní, ọ̀kan lórí èkejì, àwọn ọ̀dọ́ tí eegun wọn le sì máa ń gùn ún dókè. Ti màmá kò ju ìpele kìn-ín-ní lọ. A san owó ẹnu ọ̀nà, èmi di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, àbúrò mi obìnrin di ti òsì, a ń lọ díẹ̀díẹ̀. Kí a tó rí omi náà ni a ti ń gbọ́ ọ, bí òjò tí kò ní í dá. Nígbà tí a yọ sí i, màmá dúró, kò sọ̀rọ̀. Funfun ni omi náà láti òkè wá, ó ń já lu àpáta dúdú, ìkúukùu rẹ̀ sì ń fẹ́ sí wa lójú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Bàbá yín ló kọ́kọ́ mú mi wá síbí. Ó ya fọ́tò mi lórí àpáta yẹn."

A fi í jókòó sórí àpáta kan tí ó gbẹ, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ sì tò yí i ká. Mo gbé sítáńdì kalẹ̀ ní bí mítà mẹ́jọ sí wọn. N kò fa òpó àárín rẹ̀ sókè, nítorí pé ibẹ̀ ni gbígbọ̀n ti ń wọlé. Mo sì so àpò mi kọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ omi má baà mì í. Mo jẹ́ kí kámẹ́rà wá ojú màmá, mo wá pa ẹ̀rọ tó ń wá ojú náà lára lẹ́ǹsì, kí ó má baà tún máa wá ojú omi kiri bí mo bá tẹ rìmóòtù. Mo fi aṣọ gbígbẹ nu imú lẹ́ǹsì. Mo lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ màmá, mo tẹ bọ́tìnnì.

Kámẹ́rà kò dáhùn.

Mo tún un tẹ̀, pàbó. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àbúrò mi ọkùnrin ní, "Bọ̀dá mi, ẹ kúkú padà sídìí iṣẹ́ yín." Màmá ní, "Ṣé wọn kò tíì yà á ni? Òtútù ń mú mi." Mo dìde, mo ṣí ìdí rìmóòtù náà, mo yọ bátìrì tó bá páálí wá, mo fi ọ̀kan nínú èyí tí mo rà lọ́tọ̀ sí i. Mo padà jókòó. Mo tẹ̀ ẹ́, ojú kámẹ́rà sì ṣẹ́ wàrà. Mo tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà méjìlá láìdìde, láìsáré, láìyọ̀ ṣubú. Rìmóòtù olówó pọ́ọ́kú kùnà lẹ́ẹ̀kan, ohun tí ó ná wa kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ rò ó wò ná bí ó bá jẹ́ pé orí sítáńdì ló kùnà lórí àpáta yẹn.

Nígbà tí wọ́n ń mú màmá sọ̀kalẹ̀, mo dúró sẹ́yìn díẹ̀. Mo jẹ́ kí ojú kámẹ́rà là sílẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú-àáyá kan, mo sì fi rìmóòtù tẹ̀ ẹ́ kí ọwọ́ mi má baà mì í. Omi náà jáde nínú fọ́tò bí òwú tí a gbọ̀n, ṣùgbọ́n gbogbo ewé àti gbogbo ojú àpáta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú ṣáṣá. Ohun kan ṣoṣo ló lè fa ìyẹn: orí sítáńdì kò mì rárá.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá ní kámẹ́rà nílé, bí ó sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa ń yà á, ẹ ṣí àpótí fọ́tò yín lónìí kí ẹ wá ojú ara yín níbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ kò nílò owó rẹpẹtẹ láti tún un ṣe. Ẹ mọ nọ́ńbà kámẹ́rà yín, ẹ ra rìmóòtù tó bá ihò rẹ̀ mu, ẹ fi owó tó kù kún ti orí sítáńdì, ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò nínú ìsọ̀, ẹ sì mú bátìrì dání.

Mo ti fi ọ̀kan nínú fọ́tò méjìlá náà sínú àpótí onígi ní Ìlẹ̀ṣà. Gbogbo wa wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi ọ̀tún kò hàn, nítorí pé mo fi rìmóòtù pamọ́ sẹ́yìn ìró màmá. Gbogbo ènìyàn ń wo kámẹ́rà àfi màmá nìkan. Èmi tí mo jókòó tì í ló ń wò.